Ta Ni Yóò Dá Orúkọ Wa Mọ̀ ní Báńkì?

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni báńkì fi dá a dúró. Díẹ̀ ni ó kù kí ìdánwò kọjá mi. Wọ́n ní orúkọ mi, Táíwò, àti ti bàbá mi jọ ti ẹnì kan tí ìjọba òkèèrè fi òfin dè. Mo bèèrè ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ni àwọn háyà fún un.

Ó yẹ kí báńkì máa ṣọ́nà. Báńkì òkèèrè ni wọ́n kó owó wa pamọ́ sí nígbà ayé Abacha. Ní 2023, àjọ FATF fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí owó ẹ̀gbin. Oṣù kẹwàá 2025 ni a tó bọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń fi wé lẹ́tà. Kò mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Táíwò, Òjó àti Àjàyí, pé wọ́n kún gbogbo ìlú Yorùbá. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ ìbí mi àti BVN mi wà lọ́wọ́ báńkì; èéṣe tí wọn kò wò ó?

Kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tí ó mọ orúkọ wa, tí yóò dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Bí a bẹ ọ̀wẹ̀ ro oko, olóko ni a óò bi léèrè èpò tí ó kù.