Ta Ló Ní Kí Ẹ Fi Wá Dógò?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Onitsha ṣe ilé ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, níbo la ó ti sọ ọ́?

Mo wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin kan, tó ń tajà ní Bridge Head níbí, olè ni, oníjìbìtì ni, kí n sọ fún un kó san owó àwọn. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi kò yáwó, n kò sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ alága wa, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ nílé, ó sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá Ìgbò tó ń kó ọjà fún un láwìn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni gbèsè náà fi kọjá àdéhùn. Ọ̀gá yẹn kò fún un lọ́jà àwìn mọ́ títí dòní.

Báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ńbà wa? Òun fúnra rẹ̀ ló fún wọn. Áàpù ayánilówó tó gbé sórí fóònù bèèrè bóyá kí òun máa wo gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì tẹ “Allow”. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yáwó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Kò dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ̀ pé ìwọ̀fà lòun. Ológò pàápàá, ilé onígbèsè ló ń wá jókòó sí tí ó ń pariwo. A rí ojú rẹ̀, a sì mọ ẹni tó rán an. Tiwa yìí, ẹnì kan fi odidi ẹgbẹ́ dógò láìbi wá.

Ìjọba kò dákẹ́ o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ₦10 mílíọ̀nù ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tó ni Sokoloan lórí, nítorí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa owó náà. Ní 2022, àjọ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Ní 2023, Google ní kí áàpù ayánilówó kankan má wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù mọ́, òfin tó dáàbò bo àṣírí ará ìlú sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe: fáìlì tí a bá kọ àṣírí sí lára, a kì í gbé e fún ẹni tó kàn bèèrè.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ọmọ ń ṣàìsàn, báńkì kò dáhùn, ẹgbẹ́ sì ní kí ó mú onídùúró méjì wá, kí ó dúró de ìpàdé ìparí oṣù. Áàpù san án ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Òótọ́ ni, ẹ̀bi wa sì ni. Ẹ̀bi tó tún burú jùyẹn lọ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló gbé àwòrán obìnrin náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́, tí àwọn kan ń fi rẹ́rìn-ín. Áàpù kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Mo ti kọ lẹ́tà sí akọ̀wé: kí a ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀, tí akápò lè san lọ́jọ́ kan náà láìdúró de ìpàdé, kí ẹni tó bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kiri san owó ìtanràn, kí a sì yọ nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lẹ́yìn ìwé ọdọọdún yìí. N kò tíì rí èsì gbà.