Ẹ̀rí Ni Kó Ṣáájú Owó: Lórí Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Dín Epo Ọkọ̀ Kù

Oríṣiríṣi ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún awakọ̀ pé yóò dín epo kù. Irin òòfà wà tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù epo. Ike wà tí wọ́n ń kì bọ ojú iná tí a fi ń tan sìgá. Abẹ̀bẹ̀ kékeré wà fún ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìgò omi wà tí wọ́n ní yóò di gáàsì, oògùn sì wà fún inú táǹkì. Ọ̀wọ́n epo ló ń mú wọn tà. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí ìjọba fi lé lítà kan kò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di nǹkan bí ₦500. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti tó ₦1,000. Ní Kòmú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, níbi tí irè oko ti ń gun ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́jà, kò sí ẹni tí owó náà kò kàn.

Ohun tí àwọn tí ń tà á máa ń sọ ni pé epo kì í jóná tán nínú ẹ́ńjìnnì, pé ẹ̀rọ àwọn ni yóò jẹ́ kó jóná tán. Àbùkù ọ̀rọ̀ náà wà níbí. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ òde òní ń yẹ èéfín wò, ó sì ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo ní ìwọ̀n 14.7 sí ẹyọ kan. Bí ara irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá dá, epo tí kì í jóná kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru ló ń jẹ epo. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń gba rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà jáde, irin òòfà ara páìpù kò sì lè dá a padà. Ẹni tó bá ṣèlérí pé lítà mẹ́wàá yóò di méje ń lé àdánù tí kò sí níbẹ̀.

Ti ìgò omi gba àlàyé, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Háídírójìn inú omi ń jóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni a fi ń yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè iná yẹn, epo ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì. Agbára ń ṣòfò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tí gáàsì náà dá padà kò lè tó epo tí a fi ṣe é. Ní ti ike ojú iná sìgá, kò tilẹ̀ kan epo rárá. Àwọn tó tú irú rẹ̀ wò bá iná wínníwínní àti wáyà díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1975 lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo 1973 mú kí EPA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó àyíká, máa dán irú ẹ̀rọ wọ̀nyí wò. Èyí tí wọ́n ti dán wò lé ní ọgọ́rùn-ún. Díẹ̀ péré ló dín epo kù, ìdínkù náà sì kéré; àwọn kan tilẹ̀ mú èéfín olóró pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, awakọ̀ tí kò purọ́ lè jẹ́rìí sí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó sábà máa ń rọra wakọ̀. Ẹrù àná àti tòní kò dọ́gba, pọ́ǹpù ilé epo méjì náà kì í sábà dọ́gba. Ìdánwò tòótọ́ ni kí a kún táǹkì dé ẹnu, kí a rin ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà, kí a tún kún un, lẹ́ẹ̀mélòó kan pẹ̀lú ẹ̀rọ àti láìsí i, kí awakọ̀ má sì mọ ìgbà tó wà níbẹ̀.

Ohun tí ń dín epo kù kò ṣàjèjì sí mẹ́káníìkì: kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí pọ́lọ́ọ̀gì mọ́, kí kabúrétọ̀ ọ̀kadà wà ní ìwọ̀n, kí eré má pọ̀ jù. Bí ohun tí ń yẹ èéfín wò bá bàjẹ́, títún un ṣe lè mú kí ìrìn tí epo kan náà lè rìn fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ kò fàyè gba irọ́ lórí ọjà. Ó yẹ kí àjọ náà àti SON, tí ń rí sí ìjójúlówó ọjà, béèrè èsì ìdánwò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kó ẹ̀rọ wọ̀nyí wọlé. Kí àwọn alákòóso gáréèjì ní Kòmú, Òtu, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí má ṣe gbà kí wọ́n kiri rẹ̀ níbẹ̀ láìsí èsì náà. Awakọ̀ tí wọ́n bá sì fi lọ̀, kí ó béèrè ìwé ìdánwò kí ó tó ki ọwọ́ bọ àpò.