Ère Kì Í Fèsì

"Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Àwọn àgbà tó pa òwe yìí ń dárò ni. Àwa tí a jogún rẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Ìyá àgbà tó bá àna jà, tó bá baálẹ̀ jà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé jáde, bó bá ti kú tán, ẹ gba ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ kà: onísùúrù, oníwà pẹ̀lẹ́, ìyá tí kì í bínú. Àwọn ọmọ-ọmọ á jókòó nínú aṣọ ẹbí, wọn á máa wo ara wọn lójú, torí wọ́n mọ̀ pé ìyá ẹlòmíì ni wọ́n ń kà sí àwọn létí. Agbẹ́gilére ti fi ọ̀bẹ ha gbogbo ibi tó ń gún ni lọ́wọ́ kúrò.

Bó bá mọ sí ilé oníkálukú, n kì bá tí dá sí i. Ṣùgbọ́n a ti ṣe é fún ìyá tí gbogbo wa jọ ni, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ìyá Dolupo, Olikoye, Fẹlá àti Beko, ìyá àgbà Yẹni àti Fẹ́mi. Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé léèrè pé ta ni obìnrin yìí. Kò ní ronú kó tó dáhùn: "Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà." Ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe há a sórí, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ṣe bi í, ó sì gba máàkì.

Mọ́tò! Ká tiẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Agbowó-orí wo ló rí mọ́tò náà tó sá wọgbó? Bí oṣù kẹta bá ti dé, tí a bá ń ṣàjọyọ̀ ọjọ́ àwọn obìnrin, wọn á tún gbé mọ́tò yẹn jáde, wọn á lẹ àwòrán ìyá pẹ̀lú gèlè lórí mọ́ ọn, wọn á máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó, tó ń fi tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ. Àwọn kan ní ọmọdé ni, mọ́tò ló lè tètè yé e, ọ̀rọ̀ wọn náà ò burú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mú kí ọba kúrò lórí ìtẹ́, dírẹ́bà la rántí!

Láti ọdún 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Àwọn agbowó-orí á bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ, wọn á wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí ń san án. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lórí igbá àwọn ìyá ọlọ́jà. Fúnmiláyọ̀, ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé, tó kàwé ní Ìlú Ọba láàárín 1919 sí 1922, lè jókòó sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gba àwọn ìyá ọlọ́jà sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé, ẹgbẹ́ náà sì di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Ó pa gáùn òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Yorùbá ló ń sọ sí àwọn aláṣẹ, kí òyìnbó lọ wá ògbufọ̀.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síwájú ààfin Aké nítorí owó orí yìí. Òyìnbó ìjọba kan ní kí Fúnmiláyọ̀ pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó bi í pé ṣé bó ṣe ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó ní wọ́n bí i, wọn ò kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin fi Orò dẹ́rù bà wọ́n, ìtàn sì sọ pé ó já ọ̀pá Orò gbà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e lọ sílé rẹ̀, ó fi í síbi tí àlejò á ti rí i. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí èyí jẹ́. Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó di ìparí 1950 kó tó padà.

Fúnmiláyọ̀ kò rọrùn nílé náà. Fẹlá fúnra rẹ̀ sọ pé ìyá òun na òun gan-an. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Ọwọ́ kan náà tó na ọmọ ló já ọ̀pá gbà. Ilé ọmọ yẹn ló sì wà ní 18 February 1977 tí àwọn sójà ya wọ Kalakuta, tí wọ́n ju ìyá arúgbó láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní 13 April 1978, lẹ́ni ọdún 77. Ìwádìí ìjọba ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ní 2012, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ sórí owó ₦5,000. Ẹbí rẹ̀ ní kí ìjọba kọ́kọ́ tọrọ àforíjì ikú rẹ̀. Owó náà ò jáde, inú mi sì dùn, torí ère orí owó kì í fèsì, obìnrin yìí sì ń fèsì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà, mo bẹ̀ yín, owó orí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ. Mọ́tò lè tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.