Èéfín Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Ilé Ọtí

Títí di òní ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ epo, ilẹ̀ ẹmu, ń rántí oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tí ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀ ba àwọn kan lójú jẹ́ ní Òde-Ìrèlè, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí jìnnìjìnnì fi bo ìlú, tí ìjọba sì sáré wá wádìí. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n májèlé kejì ń bẹ nínú ilé ọtí kan náà, èyí tí kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ tí ó wọ̀ ọ́ lára, tí ẹnikẹ́ni kò sì figbe ta nítorí rẹ̀. Èéfín sìgá ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà gan-an ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tábà, tí ó ka ilé ọtí mọ́ àwọn ibi tí sìgá mímu ti di èèwọ̀, tí ó sì kọ̀ kí a máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni a ń rà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan náà.

Oníbàárà tí èéfín bá sú lè dìde kí ó máa lọ. Ọmọbìnrin tí ń gbé ọtí fún un kò lè lọ, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ti sìgá tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò mu ún rárá a máa bá a kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan irú wọn lọ́dọọdún ní gbogbo ayé.

Kì í ṣe agbọ́tí nìkan ni kì í rí ibòmíràn lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibòmíràn péjọ sí fún ìgbà pípẹ́ ju ilé ọtí lọ, sìgá sì wọ̀ wọ́n lẹ́wù ju àwọn aládùúgbò wọn lọ. Ilé iṣẹ́ R.J. Reynolds rí èyí, ó sì gbé ètò kan kalẹ̀ láàrin ọdún 1990 sí 1999 láti ta sìgá fún wọn ní San Francisco, ètò tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ èébú sí wọn. Nígbà tí California lé sìgá jáde nínú ilé ọtí ní ọjọ́ kìíní ọdún 1998, àwọn oníṣègùn yẹ agbọ́tí 53 wò ní San Francisco náà ṣáájú òfin àti lẹ́yìn rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ikọ́ àti èémí fífà dẹwọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà, òfin oṣù kìíní ọdún 2014 ka ẹgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti ń péjọ, níbi tí wolé-wolé kankan kì í dé. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ ẹni tí olúwa rẹ̀ ń fẹ́.

Àwọn onílé ọtí yóò wí pé bí a bá lé sìgá jáde, oníbàárà yóò sá. Ireland lé sìgá jáde nínú ilé ọtí ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2004, ilé ọtí kò sì parẹ́ níbẹ̀. Àgbàlá kò wọ́n ní Òkìtìpupa. Ẹni tí sìgá bá ń pè, kí ó jáde lọ jẹ́ ẹ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ rán wolé-wolé lọ sí ilé ọtí àti ilé ijó lóru, nígbà tí èéfín ń rú, kí àwọn onílé ọtí sì kó àwo eérú kúrò lórí tábìlì wọn láìdúró de ẹnikẹ́ni.