Kẹ̀kẹ́ Ẹndúrò: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ ẹndúrò tuntun lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn; ẹ má ṣe fi ẹwà ojú rà á. Nínú ìdíje ẹndúrò, ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń fi aago kà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ara ẹni la fi ń wà á gun òkè. Ọ̀nà méjèèjì ni mo fi ń dán an wò.

Èyí tí mo gùn nínú igbó Glentress, ní Scotland, ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lè wọlẹ̀ tó mìlímítà 60. Mo jókòó lé e tẹrùtẹrù, mo sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tí ìwúwo mi fi tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní 18 péré, ìyẹn ìdá 30 nínú 100. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta sókè. Bí ó bá kéré jù, ṣọ́ọ̀kì á máa kanlẹ̀.

Lórí gbòǹgbò àti òkúta, táyà rẹ̀ di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Ní gígun òkè, ó wúwo, ó sì lọ́ra.

Ìdájọ́ mi nìyí: bí òkè olókùúta bá wà nítòsí yín, owó yín kò ṣòfò. Bí títì ni ẹ ń gbà jù, ṣọ́ọ̀kì iwájú nìkan tó yín. Ẹ fi owó tó kù ra akoto gidi. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.