Ilé Gbígbé Tó Di Ilé-Ìwé

Ẹ rìn láti Ojúẹlẹ́gbà lọ sí Adéníran Ògúnsànyà, ní Sùúrùlérè l'Ékòó, kí ẹ máa wo ẹnu géètì. Ẹ kò ní pẹ́ rí pátákó jẹ́lé-ó-sinmi lára ilé tí bàbá kan kọ́ fún ìyàwó àtọmọ.

N kò bá àwọn onílé-ìwé náà jà; ilé ti ń di ilé-ìwé tipẹ́. CMS Grammar School, ilé-ìwé girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, tó wà ní Bàrígà lónìí, inú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House ní Broad Street ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1859, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ọlọ́lá ńlá tó ń jẹ́ Stowe di ilé-ìwé ní 1923. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ibẹ̀ fẹ̀, fèrèsé rẹ̀ gùn, pápá rẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Àlejò rẹpẹtẹ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Tiwa ńkọ́? Olè la ní lọ́kàn nígbà tí à ń kọ́lé. Àtẹ̀gùn kan, ilẹ̀kùn kan, irin lójú gbogbo fèrèsé. Ilé tí olè kò lè wọ̀, báwo ni ọgọ́ta ọmọ yóò ṣe jáde níbẹ̀ bí iná bá sọ?

Ògiri ló tún dẹ́rù bà mí jù. Onílé-ìwé á pe bíríkìlà pé kó da ògiri pálọ̀ wó, kí yàrá méjì di kíláàsì kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kò sí òpó kankan níbẹ̀. Ògiri yẹn gan-an ló gbé dẹ́kìn dúró. Wọn á wá kó bẹ́ǹṣì àti ọmọ sórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé gbígbé kan tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì. Nǹkan bí ogún ẹ̀mí ló bá a lọ, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ìjọba ní àwọn ti fàmì sí i lára tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Àmì náà kò sọ fún ọmọ kankan kó má wá síléèwé.

Àwọn onílé-ìwé á ní ilẹ̀ wọ́n. Òótọ́ ni, ta ló ń rí pápá rà ní Sùúrùlérè? Bí a bá sì ti gbogbo wọn pa, níbo la fẹ́ kó àwọn ọmọ sí? Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kejì kò gba pápá. Irin fèrèsé tó ṣeé ṣí láti inú kò gba pápá. Kí àwọn ọmọ kéékèèké wà nísàlẹ̀, kí ọ́fíìsì máa lo òkè. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ síwèé àṣẹ, kó wá lọ́sàn-án gangan nígbà tí kíláàsì kún, kó ní kí gbogbo ọmọ jáde, kó sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀.