Ọmọdé Ni, Ó Lè Dúró

Ariwo ọtí inú ọ̀rá kò tíì rọlẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024 tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, ti ní òun yóò fòfin dè é, tí ìjọba sì tún sún un síwájú, gbogbo ẹni tó ní gègé lọ́wọ́ ló ti dá sí i: àwọn ọmọdé ń rà á, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì ìwé, ẹ gba àwọn ọmọ là. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ojú ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ ń rí.

Ní Ìdógùn, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bíi ti àwọn ìlú yòókù ní Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀, ọmọ ló ń jẹ́ iṣẹ́ ìsọ̀. Ìyá ti oko dé nírọ̀lẹ́, ìkòkò ti wà lórí iná, ni wọ́n bá rántí pé Maggi ti tán. Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méje di owó mọ́wọ́, ó sáré lọ. Tábìlì onísọ̀ bá a dé imú. "À ń rà o!" Onísọ̀ wò ó, ó gbójú kúrò. Ọlọ́kadà dé, ó ní káàdì fóònù lòun fẹ́, wọ́n fún un. Ìyàwó tíṣà dé, wọ́n wọn ìrẹsì fún un, wọ́n bu èènì lé e, wọ́n tún béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ̀. Ọmọ tún gbẹ́nu sókè: "Màmá, wọ́n ní kí ẹ ta Maggi fún mi." Èsì wo ló gbà? "Ṣé o ò rí i pé àgbà wà níbí ni?" Bí ẹnì kan bá sì bá onísọ̀ wí, gbólóhùn kan ló máa ń fi dáhùn: ọmọdé ni, ó lè dúró. Kí ọmọ tó délé, iná ti kú, ìyá ti mú pàṣán. "Ibo lo ti ń ṣeré bọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí á sọ ojú abẹ níkòó. Oníbàárà ni ọmọ yẹn. Owó tó dì mọ́wọ́ kì í ṣe owó ọmọdé, nítorí Báńkì Àpapọ̀ kò tíì tẹ owó ọmọdé jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, yálà orí rẹ̀ ga ju tábìlì lọ tàbí kò ga jù ú lọ. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé onísọ̀ ló jẹ gbèsè, ẹ̀yìn ọmọ ni wọ́n ti ń gbà á.

Àwọn ará ìlú ńlá á ní kò yẹ kí wọ́n rán ọmọ níṣẹ́ rárá, pé òfin kọ̀ ọ́. Òfin wo? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, kọ̀ kí wọ́n máa fi ọmọ kiri ọjà lójú títì. Kò kọ iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún ẹbí rẹ̀ nílé. Ẹni tó ń tẹ fóònù kí wọ́n fi alùpùpù gbé oúnjẹ wá bá a lè máa wí tirẹ̀. Ṣé kí ìyá lọ fúnra rẹ̀ ni? Kí ta ni ó máa wo iná?

Onísọ̀ mọ̀ pé kò síbòmíì tí ọmọ náà fẹ́ gbà. Láti ìgbà tí ẹ̀rù ajínigbé ti gba ọ̀nà kan, pàápàá láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí wọ́n pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, kì í ṣe ohun kékeré ló ń gbé èèyàn dé ọjà Ọ̀wọ̀ mọ́. Ìsọ̀ àdúgbò ti di ọjà, onísọ̀ ti di ọba. Àgbàlagbà á ní kí wọ́n yí kóńgò dà kí òun wò ó bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ta ni ọmọ ọdún méje fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Èènì ńkọ́? Èènì kì í ṣe tọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì ló wá pabanbarì. Wọ́n ní kò sí ṣéńjì, wọ́n fi sùwíìtì méjì lé ọmọ lọ́wọ́, bí ẹni pé wọ́n ń fi sùwíìtì se ọbẹ̀. Ọmọ délé, owó kò pé, ó di olè. Nígbà míì, wọ́n á ní kí òun fúnra rẹ̀ lọ káàkiri àdúgbò lọ wá ẹni tó máa bá a ṣẹ́ owó. Lóṣù kejì ọdún 2007 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé owó ẹyọ tuntun jáde, 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2. Kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ onísọ̀ ní Ìdógùn pariwo. ₦5 àti ₦10 ṣì jẹ́ owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wo ewé gbígbẹ ni àwọn ọlọ́jà ń wò wọ́n. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kan náà ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn kọ náírà: ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Bí ìjọba bá fẹ́ mú òfin yẹn ṣẹ, ọgbà ẹ̀wọ̀n Ọ̀wọ̀ kò ní gba èrò. Ìjọba fẹ́ tẹ owó, kò fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ná. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ ń pàtẹ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ sóko. Ọlọ́jà kò sí níbẹ̀, owó rẹ̀ pé. Lónìí ọlọ́jà jókòó gbagidi, owó ọmọ ọlọ́mọ kò pé.

Láti ìgbà ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023 sì ni wọ́n ti fi tàlẹ́ẹ̀tì kún un. Ìyá ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, onísọ̀ ní òun kò tíì rí àlẹ́ẹ̀tì, ọmọ dúró. Bí àgbàlagbà ni, wọ́n á ní, "Ẹ máa gbé e lọ, a mọ̀ yín." Wọ́n mọ ìyá ọmọ náà pẹ̀lú, ó ṣe tán, ìyá náà ni wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ọmọdé kì í dúró: ìgbà tí bàbá bá rán an ní ọtí tàbí sìgá. Òfin sìgá ti ọdún 2015 kọ̀ kí wọ́n ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì kọ títà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí wọ́n rán ní ẹyọ sìgá kan ti bá onísọ̀ rú òfin méjì pọ̀, ó sì ti délé kí ẹnikẹ́ni tó mí. Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Onísọ̀ náà mọ ẹni tó ń bẹ̀rù: ìbínú bàbá ni. Ọmọ kan náà, ìsọ̀ kan náà, iyọ̀ ń dúró, ọtí ń sáré. Àwọn kan á wá bi wá pé bó bá jẹ́ oníbàárà lóòótọ́, ṣé kí wọ́n ta ọtí fún un nìyẹn? Rárá. Kí wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n wá rà á fúnra wọn." Èsì nìyẹn náà, kò sì ní mú kó dúró.

Nínú gbogbo àpèjọ, àwọn àgbà á gbé gbohùngbohùn, wọ́n á ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí wọ́n bá délé, wọn kò lè ta Maggi fún ọmọdé. Kò sì pọn dandan kí ìjọba kankan ti Àkúrẹ́ wá kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé mọ bí wọ́n ṣe ń bu owó lé ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí wọ́n bù ú lé ẹni tó bá fi sùwíìtì san ṣéńjì ọmọdé, kí wọ́n sì gbà á lówó, kì í ṣe ní sùwíìtì.